Àkísà aṣọ òfì tí mo fi dí fèrèsé Wàsíù

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ṣakí ni géèmù yìí ti mú mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ náà ni mo sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ bí mo bá máa ro ohun tójú mi rí nígbà ọyẹ́ tó kọjá fún yín. Ọ̀pọ̀ yín ti ń béèrè ìdí tí mi ò fi kọ nǹkan kan sórí ìkànnì yìí mọ́. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ.

Mo lọ ra gíláàsì fóònù ní Ṣakí lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún fóònù ṣe ní Ìsẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Ẹnjiníà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé ìwé kankan tó kọ́ mi. Mo kàn máa ń tú nǹkan palẹ̀ títí á fi yé mi ni. Òjò ká mi mọ́ títì, mo sá wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Tẹlifíṣàn wà lára ògiri. Mo gbójú sókè, kí ni mo rí?

Mo rí àwọn akọni inú ìwé àwòrán tí mo ti ń kà láti kékeré! Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ìbàdàn máa ń kó àwọn ìwé náà bọ̀ fún mi tó bá wá ṣọdún Iléyá. Ilé iṣẹ́ méjì ló ń tẹ̀ wọ́n, akọni ti ilé iṣẹ́ kan kì í sì í yọjú sínú ìwé ti èkejì láéláé. Tẹ́ ẹ bá fi gbogbo ọjọ́ ayé yín kà á, ẹ ò ní rí i kí Ìyá Oníná àti Aláṣọ Eérú pàdé. Ṣùgbọ́n lójú tẹlifíṣàn yẹn, wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n ń lu ara wọn nílùkulù! Àwọn tó ṣe géèmù náà ti kó ayé méjèèjì pọ̀ sójú kan. (Orúkọ tí àwa ní Ìsẹ́yìn sọ wọ́n ni mò ń pè o. Orúkọ òyìnbó wọn gùn, ó sì ń kọ́ wa lẹ́nu.)

Òjò dá, mi ò mọ̀. Onígbàjámọ̀ bi mí bóyá irun ni mo fẹ́ gẹ̀, torí àga oníbàárà ni mo jókòó sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó má baà lé mi dìde. Bí mo ṣe fá orí kodoro lọ́jọ́ náà nìyẹn, orí tí mi ò ní lọ́kàn láti fá!

Apá kìíní géèmù ni ìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, apá kejì jáde, ó sì yàtọ̀ pátápátá. Akọni mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Méjìdínlógójì ló wà nínú èyí. Nínú ti àkọ́kọ́, akọni kan ṣoṣo lo máa mú. Nínú apá kejì, méjì lo máa mú, wàá sì lè pe èkejì wọlé láàárín ìjà láìjẹ́ kí ìkọlù rẹ já. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà! Tẹ́ ẹ bá lu ọ̀tá, òǹkà kan máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Tí ọ̀tá bá ráàyè mí pẹ́nrẹ́n, òǹkà á padà sí òdo. Ohun tí gbogbo wa ń lé nìyẹn, bí ìkọlù èèyàn á ṣe pọ̀ tó kó tó já.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Àwòrán ọgọ́ta ló ń kọjá lójú tẹlifíṣàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí Aláṣọ Eérú bá gbá ọ̀tá sókè, àárín àwòrán kẹta sí ìkeje lo gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì tó ń pe Ìyá Oníná wọlé. Ìkẹjọ ti pẹ́ jù. Èmi ni mo fi ojú ara mi wá a rí, mo dá fídíò dúró lórí fóònù, mo ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí i pé orí mi ti dàrú?

Wàsíù ò ní ìwé kankan ní tiẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Wàsíù. Ahunṣọ ni, bí bàbá rẹ̀ ṣe jẹ́ ahunṣọ. Abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé bàbá rẹ̀ ni òfì rẹ̀ wà, ẹni tó bá ń kọjá á rí i níbi tó ti ń sọ ọ̀kọ̀, igi pẹlẹbẹ tí òwú wà nínú rẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, tó ń tún un sọ padà, tó ń kí èèyàn, tó ń dá àpárá, tí kò sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá. Etí aṣọ rẹ̀ máa ń gún bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Orí ọwọ́ Wàsíù ni gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí dá lé.

Tó bá ti rí ìwé mi, á bú sẹ́rìn-ín. Á ní, “Ẹnjiníà, ìwé lo fẹ́ fi bá èèyàn jà?” Tí òun bá ń ta géèmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀ lábẹ́ àga, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tẹ igi ìtẹ̀sẹ̀ òfì. Ó ní ìkọlù Aláṣọ Eérú ń dún bí òfì létí òun, kàtà-kó, kàtà-kó, pé ibi tí òun bá ti máa sọ ọ̀kọ̀ padà lòun máa ń pe Ìyá Oníná. Èmi tí mo ka àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkọlù tí mo ṣe tó pọ̀ jù jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wàsíù tí kò ka nǹkan kan ṣe mọ́kànlélógójì! Ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kiri Ìsẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ n wá sórí ọ̀rọ̀ eruku báyìí.

Ẹ̀rọ géèmù wa àkọ́kọ́ kú nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú. Ó kàn pa ara rẹ̀ ni, kò tan mọ́. Mo tú u. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Òkè-Ògùn, ẹ mọ bí ọyẹ́ wa ṣe máa ń rí, bí eruku á ṣe bo ewé títí tí igi á fi funfun, bí ètè á ṣe máa bẹ́. Ti ẹ̀rọ wa tún wá burú jù, torí yàrá tí bàbá Wàsíù ń kó òwú sí nígbà ayé rẹ̀ la fi ṣe yàrá géèmù. Eruku pupa àti ìhùùhù òwú ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ fáànù inú ẹ̀rọ náà, ó nípọn bí ìrọ̀rí kékeré. Fáànù ò lè yí, ẹ̀rọ gbóná, ó sì jóná.

Nígbà tá a ra òmíràn, tá a fi apá kejì géèmù sínú rẹ̀, mo búra pé eruku ò ní pa èyí. Mo ní kí Wàsíù kó àkísà òfì wá, àwọn ìgékù tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá rán aṣọ tán. Mo ká wọn ní tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi ọ̀bẹ tì wọ́n sínú gbogbo àlàfo etí fèrèsé. Mo ta ọ̀rá lé e lórí. Ihò tí wáyà gbà wọlé, mo dí i. Èyí tó tóbi jù, mo dì í gbọọrọ bí ejò, òun la fi ń dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo fi aṣọ funfun nu orí ẹ̀rọ, aṣọ náà ò yí padà!

Ẹ rántí? Mo ya fọ́tò rẹ̀ síbí. Mo kọ ọ́ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ fún yín. Ẹ yìn mí gan-an ni. Mẹ́tàdínlógún nínú yín kọ̀wé sí mi pé ẹ̀yin náà ti dí yàrá géèmù yín bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mi ò kọ fún yín ni ibi tí jẹnẹrétọ̀ wa wà.

Iná ìjọba kì í dúró, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìnkùlé la máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe jí ti ilé kejì gbé lọ́sàn-án gangan, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́! Làwa náà bá gbé tiwa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé èéfín ò dáa o, kì í ṣe pé mo gọ̀. A máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ kí èéfín lè jáde. Ṣùgbọ́n mo ní èrò kan tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀, mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún Wàsíù. Mo ní ohun tó dá eruku ọyẹ́ dúró, tó jẹ́ pé kò sí ibi tí kì í wọ̀, ṣé èéfín ni kò ní dá dúró? Ó ní, “Ẹnjiníà ló mọ̀ ọ́n.”

Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ẹ gbà mí o.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Lọ́jọ́ kejì, àwa tá a ń ta géèmù náà ní Òkè-Ògùn máa pàdé ní Ṣakí láti díje. Àwọn kan ń bọ̀ láti Àgọ́-Àrẹ, àwọn kan láti Otu. Wàsíù ti lérí pé àádọ́ta ìkọlù lòun máa ṣe lójú gbogbo èèyàn. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tá a wọ yàrá. Ìyàwó rẹ̀, ìyá Rọ́kíbà, ti pọn ọmọ lọ sọ́jà. Kò sí ẹlòmíràn nílé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbàgà-gbàgà, eruku sì ń dà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dìde, mo tì í. Mo ní díẹ̀ ni, pé mo máa ṣí i tó bá yá.

Ìjà àkọ́kọ́, Wàsíù ṣe mọ́kànlélógójì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ìkejì, ogójì. Mo kọ ọ́. Ìkẹta, mẹ́rìndínlógójì. Lẹ́yìn ìyẹn, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ó ní orí ń fọ́ òun. Mo ní, “Ìyá Oníná ló gbá ẹ lórí, ọ̀lẹ!” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Méjìlélógún. Ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo, pé òun ò gbọ́ ìró ìkọlù náà dáadáa mọ́. Mo ní ẹ̀rù àwọn ará Ṣakí ló ń bà á, mo ní kó lọ ká ìrù bọ abẹ́ bí ajá kó má wulẹ̀ wá lọ́la. Ó bú mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rìnlá.

Mo kọ mẹ́rìnlá sínú ìwé. Ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ wà níwájú mi! Ẹnu ara mi ni mo fi ń sọ pé mo mọ òǹkà, òǹkà sì ń sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ, ni mo bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ìdánwò fún ọmọ ilé ìwé.

Fóònù mi dún. Fóònù oníbàárà mi kan ti bọ́ sómi, oníbàárà náà sì ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Orí ń fọ́ èmi náà, mo rò pé ebi ni. Mo ní kí Wàsíù máa tẹ̀síwájú, pé mo ń bọ̀. Ó kàn mi orí. Mo jáde, mo fa ilẹ̀kùn dé, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi ti àkísà gbọọrọ yẹn sábẹ́ ilẹ̀kùn láti ìta, mo fẹsẹ̀ kì í dáadáa. Kí eruku má baà wọlé. Mo yẹ jẹnẹrétọ̀ wò, epo ti ń lọ sílẹ̀. Mo bu epo sí i kó má baà kú láàárín ìjà.

Mo gbàgbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Nígbà tí atẹ́gùn ìta fẹ́ sí mi lára, ojú mi ṣú, mo di ògiri mú. Mo ra àkàrà àti ẹ̀kọ lójú ọ̀nà. Mo jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo jókòó, mo jẹun! Mo tú fóònù oníbàárà, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sínú oòrùn. Ó tó bíi wákàtí kan kí n tó padà.

Ìyá Rọ́kíbà ti ṣáájú mi dé. Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn náà ni mò ń sọ fún yín yìí. Ó rí òfì lófìfo, inú bí i, ó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé ṣé géèmù ni Bàbá Rọ́kíbà fẹ́ gbé fún oníṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gbọ́ orin tí géèmù máa ń kọ nígbà tí kò bá sẹ́ni tó ń ta á. Ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ṣí. Àkísà mi ti há sábẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun fi èjìká gbá a.

Wàsíù wà nílẹ̀, ó ti bì, páàdì tó fi ń ta géèmù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Rọ́kíbà gbé ọmọ sílẹ̀ ní ìta, ó di ọkọ rẹ̀ mú lẹ́sẹ̀, ó wọ́ ọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá títí dé abẹ́ àtíbàbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì. Òun nìkan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ké.

Nígbà tí mo dé, èrò ti pé. Ẹnì kan ń bu epo pupa sínú ife láti rọ sí i lẹ́nu, ó ní wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Òmíràn ní kì í ṣe májèlé, pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ṣakí ni, pé wọn ò fẹ́ kó wá díje lọ́la. Bàbá àgbàlagbà kan ń sọ pé ẹ lọ pe àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀. Gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó dárúkọ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n parọ́ fún yín? Ó wù mí kí n dákẹ́. Fún ìgbà tó gùn tó kéèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì, ó wù mí kó jẹ́ àwọn ará Ṣakí.

Ìyá Rọ́kíbà gbójú sókè, ó rí mi. Àkísà gbọọrọ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Wàsíù ti gbé e níyàwó, “ẹ” ló máa ń pè mí, torí ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni mí. Ó ní, “Ìwọ! Kí lo fi dí ọkọ mi mọ́lé?”

Ni mo bá sọ ọ́. Mo ní, “Ẹ má fún un ní epo. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn.”

Ẹni tó di ife epo mú gbé e sílẹ̀. Mi ò lè ṣàpèjúwe ojú tí wọ́n fi wò mí.

Mọ́tò aládùúgbò kan ló gbé wa lọ sọ́sibítù. Ohun tí mo sọ yẹn náà ni nọ́ọ̀sì gbọ́ tó fi sáré pe dókítà, tí wọ́n sì fi rán wa lọ sí Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ní ọ́síjìn tó máa tó o. Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Aṣọ ò lè dá a dúró. Á gba inú àkísà kọjá bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tó bá ti wá wọlé, yàrá tí wọ́n dí dáadáa ló máa ń fẹ́, torí kò ní ríbi jáde. Inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń wọ̀, á gba ààyè tó yẹ kí atẹ́gùn gbà.

Ẹ rí i pé òdì ni gbogbo ìmọ̀ mi já sí. Mo dí yàrá náà dáadáa. Ohun tó fẹ́ pa á nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ni Wàsíù lajú. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó padà sí Ìsẹ́yìn. Gbogbo àdúgbò jáde. Ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó rù díẹ̀, ó rí mi lókèèrè, ó ní, “Ẹnjiníà, mélòó ni mo ṣe?” Mo sunkún níwájú gbogbo èèyàn. A rò pé ó ti parí.

Kò tí ì parí. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Á kí ẹnì kan tán, á tún kí i. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyẹn ò ní kóun má hunṣọ, ó jókòó sí òfì, ó sọ ọ̀kọ̀ láti ọ̀tún, ọwọ́ òsì ò bá a, ọ̀kọ̀ bọ́ sí i lórúnkún, òwú já. Ó tún un sọ. Ó tún bọ́. Ìyá Rọ́kíbà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Wọ́n padà lọ rí dókítà. Ó ní ó máa ń ṣe àwọn míì bẹ́ẹ̀, pé ara á ti yá, àìsàn á tún yọ padà látinú ọpọlọ. Ó ní ó ń san fún àwọn kan láàárín oṣù mélòó kan, pé kì í san tán fún àwọn kan.

Ìyá Rọ́kíbà fúnra rẹ̀ ló wá ń jókòó sí òfì. Wàsíù ló kọ́ ọ nígbà kan, eré ni wọ́n fi ṣe nígbà yẹn. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò jẹ́ kí n wọlé. Ó ní kí n lọ tún fóònù ṣe. Mi ò bá a jà. Mi ò tan géèmù, mi ò kọ nǹkan kan síbí.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a níbi òfì, kò dá iṣẹ́ dúró. Ó sọ pé obìnrin tó ń na ọwọ́ fún Bàbá Rọ́kíbà lọ́sibítù ní kí wọ́n wá iṣẹ́ kan fún ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí ọwọ́ náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ní òfì ńkọ́.

Ó wò mí. “Aṣọ oníbàárà ló wà lórí òfì. Tó bá bà á jẹ́, ó bà jẹ́ náà nìyẹn, á sì máa wò ó. Àmọ́ àwọn èèyàn inú géèmù yín, tí wọ́n bá kú, ṣebí wọ́n tún máa ń dìde?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Gbé e wá, ìta gbangba ni wàá gbé e sí.”

“Ìwọ” náà ló ṣì ń pè mí. Títí dòní.

Ibi tí géèmù wà báyìí nìyẹn, abẹ́ àtíbàbà, ní ẹ̀gbẹ́ òfì. Fèrèsé yàrá òwú ti di ihò lásán, mo yọ àkísà, ọ̀rá àti ilẹ̀kùn rẹ̀ dànù. Jẹnẹrétọ̀ wà nídìí igi máńgòrò ní ìpẹ̀kun ọgbà, mo fi ṣéènì dè é mọ́ igi. Eruku ń wọ ẹ̀rọ. Kó máa wọ̀ ọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń tú u, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn fáànù rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, páàdì bọ́ lọ́wọ́ Wàsíù kó tó tẹ bọ́tìnì kan. Òdo. Ọ̀sẹ̀ yẹn, òdo ni gbogbo rẹ̀. Ó máa ń bi mí pé bọ́tìnì wo ló ń pe Ìyá Oníná, màá fi hàn án, láìpẹ́ á tún bi mí. Lọ́jọ́ kan, ó sọ páàdì sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun gbọ́ ìró náà, pé ọwọ́ ni kò gbọ́.  Ìyá Rọ́kíbà kàn ń hunṣọ lọ, kàtà-kó, kàtà-kó. Nígbà tó yá, mo rí ẹsẹ̀ Wàsíù lábẹ́ àga. Ó ń tẹ ilẹ̀. Kò bá ti ìyàwó rẹ̀ mu, ó ń pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ yẹn ló ṣe ìkọlù méjì.

Kí wá ni mo rí kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yín jáde. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe ìdí fèrèsé. Ẹ gbé e jìnnà sílé, kẹ́ ẹ fi ṣéènì dè é. Tí wọ́n bá jí i, wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ ni. Tí orí bá ń fọ́ yín, tí ẹsẹ̀ yín bá wúwo nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ dìde, ẹ bọ́ síta ná, ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ jọ wà. Ẹ má jókòó kọ òǹkà. Àkísà tí mo ní kẹ́ ẹ fi dí fèrèsé, mo ti yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò níbí. Ẹ̀yin náà, ẹ yọ àkísà yín. Mo ti kọ̀wé sí ẹ̀yin mẹ́tàdínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ti dá mi lóhùn pé àwọn ti yọ ọ́. Mẹ́fà ò tí ì fèsì. Ẹ dákun, ẹ̀yin mẹ́fà, ẹ bú mi, ẹ pè mí ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n ẹ fèsì!

Ẹ̀yin tó kù, tí irú èyí bá ti ṣe yín rí, tàbí ó ṣe ẹni yín kan, ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó sì dúró, ẹ sọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó dúró. Mo máa ń ka ohun tẹ́ ẹ bá kọ sí Wàsíù létí, Ìyá Rọ́kíbà náà sì máa ń gbọ́ ọ nídìí òfì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í yíjú.

Ìwé mi ti ṣí padà. Ojú ewé tuntun ni mo lò, mi ò kọ ọ́ sábẹ́ ti ọjọ́ Sátidé yẹn. Òdo, òdo, méjì, méjì, márùn-ún, ẹyọ kan, mẹ́fà, mẹ́sàn-án. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ abẹ́ àtíbàbà, Aláṣọ Eérú gbá ọ̀tá sókè, Wàsíù pe Ìyá Oníná, ó sì wọlé láìjẹ́ kó já. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ka òǹkà náà sókè.

Mẹ́tàlá.